Ta Ló Láṣẹ Láti Ta Oògùn fún Yín? Ọ̀rọ̀ Fámásì àti Kẹ́míìsì

Bí ènìyàn bá gbéra láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tó tọ òpópónà Ọba Adésídà lọ, ìsọ̀ oògùn tí yóò rí lọ́tùn-ún lósì kò lóǹkà. Òmíràn ní ilẹ̀kùn gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Òmíràn ò ju yàrá kan lọ, pákó ni wọ́n fi kan pẹpẹ rẹ̀, ìyá kan sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ó ń gbé ọmọ jó. Kẹ́míìsì la ń pe gbogbo wọn. Lójú òfin, oríṣi méjì ni wọ́n, òfin kò sì wo bí wọ́n ṣe tóbi tó kó tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ti rí ìsọ̀ ńlá tí àṣẹ rẹ̀ kò ju ti onípẹpẹ pákó lọ, mo sì ti rí yàrá kan ṣoṣo tó jẹ́ fámásì gidi.

Fámásì ni ibi tí apoògùn wà, ìyẹn ẹni tó kọ́ ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìjọba. Fámásì lè gba ìwé tí dókítà kọ, kó sì fún aláìsàn ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó lè ta àńtíbáyọ́tíìkì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìnsúlínì, àti àwọn oògùn líle tí wọ́n ń tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Oríṣi kejì ni èyí tí àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ń pè ní "patent". PPMVL, ìyẹn "Patent and Proprietary Medicine Vendor's Licence", ni wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Kò di dandan kí ẹni tó ni ín jẹ́ apoògùn, ṣùgbọ́n oògùn tí ẹnikẹ́ni lè rà láìsí ìwé dókítà nìkan ló lè tà: parasitamọ́ọ̀lù, oògùn ibà, oògùn ikọ́, oògùn inú kíkùn, fítámì. Inú páálí tí ilé-iṣẹ́ fi dì í ló sì gbọ́dọ̀ ti tà á. Kò gbọ́dọ̀ gúnni lábẹ́rẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ gba ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí òfin ní kó má ṣe yìí gan-an ni àwa oníbàárà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. "Ìyá Táyọ̀, ẹ bá mi po oògùn ara ríro, ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà." Ìyá Táyọ̀ á ṣí ike mẹ́rin, á ka hóró funfun méjì, pupa kan, òféèfé kan, á fi kápúsù kan lé e, á kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, á ta á ní kókó. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò sí nọ́mbà NAFDAC. Bí ara ẹni náà bá yí padà lóru, tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, tí dókítà sì béèrè ohun tó lò, kí ni yóò sọ? "Oògùn ara ríro" náà ni.

Kí n má purọ́ mọ́ àwọn oní-patent, wọ́n wúlò. Ní àwọn abúlé oko tó wà lẹ́yìn Ìdànrè, bí ọmọ bá ń gbóná lóru, ta ni yóò wá apoògùn lọ sí Àkúrẹ́? Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi fún wọn láyè láti ìgbà pípẹ́. Láìpẹ́ yìí, àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ti ń pín wọn sí ìpele mẹ́ta: ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ìlera kankan wà ní ìpele kìíní, àwọn bíi nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko wà ní ìkejì, ẹni tó kọ́ṣẹ́ "pharmacy technician" sì wà ní ìkẹta. Bí ìpele bá ṣe ga sí ni àṣẹ ṣe ń fẹ̀ sí. Síbẹ̀, kò sí ìpele tó lè sọ patent di fámásì.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú jù ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ẹnìkan á ní, "Ìsọ̀ mi pé pérépéré, NAFDAC ti fọwọ́ sí i." NAFDAC kì í forúkọ ìsọ̀ sílẹ̀. Oògùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí ló bí nọ́mbà tí ẹ ń rí lára páálí. CAC ní tirẹ̀, orúkọ òwò ló ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó ń ta bàtà àti ẹni tó ń ta oògùn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú CAC. PCN ló ń forúkọ apoògùn sílẹ̀, òun náà ló ń forúkọ ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn sílẹ̀, òun kan náà ló sì ń fún àwọn oní-patent ní láísẹ́ǹsì. Òfin ọdún 1992 ló dá a sílẹ̀, Pharmacists Council of Nigeria ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ní 2022 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ ọ́ di Pharmacy Council of Nigeria. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó ní orúkọ àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ káńsù náà wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa máa ń kó rìsíìtì jọ sínú fáìlì: ti káńsù, ti owó orí, ti pátákó ìpolówó, pẹ̀lú káàdì ẹgbẹ́ àwọn oní-patent. Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ àṣẹ láti ta oògùn. Ọjọ́ tí PCN bá dé, tí ẹ bá na fáìlì yẹn sí wọn, wọ́n á kí yín, wọ́n á sì ti ìsọ̀ yín pa. Ẹ lè béèrè pé àwọn ìyá alágbo ńkọ́? PCN kì í forúkọ wọn sílẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń rọ àgbo sínú ike, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn láti máa tà á káàkiri, NAFDAC yóò béèrè nọ́mbà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìyá kan fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó gba gàtúítì rẹ̀, ó sì fẹ́ dá fámásì sílẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé. Ìyá náà kì í ṣe apoògùn. Ṣé ó lè ṣe é? Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Apoògùn tó fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lè fi orúkọ òwò lásán bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe apoògùn ní láti dá ilé-iṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ lópin sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, irú èyí tí wọ́n ń kọ "Limited" sí ìdí orúkọ rẹ̀, kí orúkọ apoògùn sì wà láàárín àwọn dárẹ́kítọ̀ rẹ̀. PCN yóò wo ìwé yẹn. Lẹ́yìn náà, ìsọ̀ gbọ́dọ̀ ní apoògùn alábòójútó tirẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní "superintendent". Owó ìyá ni yóò kọ́ ilé, yóò ra ọjà, yóò sanwó iná. Àṣẹ tí wọ́n fi ń ta oògùn níbẹ̀, ọrùn alábòójútó yẹn ló wà.

Kí ẹnìkan tó lè jẹ́ alábòójútó, yóò ti lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ní yunifásítì, ó sinmi lórí irú oyè tó kà. Yóò ti fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, yóò ti búra, PCN yóò sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láísẹ́ǹsì ìṣiṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ayérayé. Ọdọọdún ló ń tún un ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ máa lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí PCN là sílẹ̀ kó tó lè rí i tún ṣe. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ló lè bójú tó, kò sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ olóṣù níbòmíràn. Apoògùn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò lè tún jẹ́ alábòójútó fámásì ìyá yìí. Ìsọ̀ méjì kò ṣeé jókòó sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbi yìí ni ìbàjẹ́ ti wọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní orúkọ fún un láàárín ara wọn: "register and go". Apoògùn á gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kalẹ̀ fún olówó, wọ́n á fi gba àṣẹ, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri. Olówó á máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún, òun ò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Ó lè máa gbé Àbújá. Ó lè ti kọjá sí ìlú òyìnbó. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ló wà lẹ́yìn káńtà, òun ló ń ka ìwé dókítà. Àwọn kan ní ebi ló ń fà á, èmi ò gba ìyẹn. Bí ọmọbìnrin náà bá ṣi oògùn fún aláìsàn, orúkọ tó wà lára ògiri ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, owó tí wọ́n sì ń san fún un lọ́dún kan kò tó èyí tí yóò fi gba lọ́yà. Ọwọ́ olówó náà ò mọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ orúkọ apoògùn ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ san owó oṣù apoògùn, nítorí apoògùn tó bá jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ yóò máa sọ pé "a ò ní ta eléyìí", ọjà á sì fa díẹ̀.

Nípa ilé, ohun tó ń ná ènìyàn lówó jù ni fífi ìkẹyìn ṣáájú. Ìyá wa lè san owó ilé ọdún méjì lójú ọ̀nà, kó kùn ún, kó kan pẹpẹ, kó kó ọjà sí i, kó tó lọ sí ọ́fíìsì PCN ní Àkúrẹ́. Wọ́n á wá, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ibẹ̀ sún mọ́ fámásì kan tó ti wà níbẹ̀ jù, òfin ní bí ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì tó. Kò sí ẹni tí yóò dá owó ilé yẹn padà fún un. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kó kọ́kọ́ fi ibi tó fẹ́ lò hàn wọ́n, kí wọ́n wá wo àdúgbò náà, kí wọ́n sọ pé ó dára, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí inú rẹ̀. Tó bá tún ilé ṣe tán, wọ́n á tún padà wá wo inú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó ń jáde. Kí ìwé yẹn tó jáde, kò gbọ́dọ̀ ta hóró oògùn kan.

Inú ilé gbọ́dọ̀ mọ́, kó ní afẹ́fẹ́, kó ní ibi tí wọ́n ti ń po oògùn tí ẹsẹ̀ oníbàárà kì í dé, pẹ̀lú síǹkì tí omi ń sun níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìmọ̀ oògùn tí apoògùn lè ṣí wò, àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo fún oògùn olóró, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ apoògùn fúnra rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ní fíríìjì.

Fíríìjì yẹn tó dúró tì. Ìwọ̀n òtútù tí ìnsúlínì nílò wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bó bá gbóná, agbára rẹ̀ á dín kù. Bó bá di yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bó bá yọ́ padà tí ojú rẹ̀ sì dà bí tuntun. Nítorí náà, aṣàyẹ̀wò kì í béèrè bóyá ẹ ní fíríìjì, ṣe ló ń ṣí i. Ó ń wá tẹmọ́mítà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń wá ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n òtútù sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ìwé náà bá ní nọ́mbà kan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kẹta, láìyẹ̀, nínú ìlú tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, á mọ̀ pé ìjókòó kan ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Bó bá sì bá ike ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti omi inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnsúlínì, kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹnu ṣàlàyé. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí ní ìgbà ogún láti mu omi tútù kò lè tọ́jú oògùn. Ẹ ra fíríìjì míì fún ọbẹ̀, kí ẹ sì ní ìnfátà tàbí sólà fún ti oògùn.

Ẹ̀yìn èyí ni ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà. Òfin kan wà láti 1999 tó de títa oògùn nínú ọjà, ní gáréèjì, nínú bọ́ọ̀sì, ní ẹ̀bá títì, àti níbikíbi tí kò ní àṣẹ. Ẹ mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ọ̀rẹ́, bí ẹnìkan ṣe máa ń dìde lẹ́yìn àdúrà tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ojú àti ẹ̀yìn ríro papọ̀: òfin ti mú un láti ìgbà yẹn. Òfin kan náà ló kan àwọn ọjà ńlá tí àwọn olówò ti máa ń lọ kó oògùn. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti àwọn ọjà oògùn ní Ìdúmọ̀tà, Ọ̀nìṣà àti Àbá pa láti yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni kò mọ ibi tí yóò ti ra ọjà lásìkò náà, èyí tó fi hàn ibi tí wọ́n ti ń rà á tẹ́lẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣejù ni, kó rántí 2008. Omi oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí eyín ń yọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní àṣẹ, oògùn náà sì ní nọ́mbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ra ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ́wọ́ oníṣòwò tí kò ní àṣẹ láti tà á, ohun tó tà fún wọn sì jẹ́ májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ 84 ló kú. Nítorí irú èyí ni PCN fi ń béèrè ìwé ìrajà, láti mọ ẹni tó ta oògùn kọ̀ọ̀kan fún yín àti nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ níléeṣẹ́. Ẹ̀rí pé ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó láṣẹ ni ẹ ń tọ́jú.

Àwọn oògùn tó ń pa ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi oògùn ikọ́ tó ní codeine wọlé. Tramadol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù alágádágodo, kí wọ́n máa kọ ẹni tó rà á àti dókítà tó kọ ọ́ sílẹ̀. NDLEA, àwọn tó ń gbógun ti oògùn olóró, lè wá wo ìyẹn, wọn kì í sì í wá bá ènìyàn ṣeré.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ìgbà yòówù kí wọ́n gbà á láàárín ọdún. Àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló wà fún. Bí ìyá wa bá kó láti Ọ̀bà-Ilé lọ sí Ìjọ̀kà, ìwé náà kò bá a lọ, àyẹ̀wò tuntun ni. Bí apoògùn rẹ̀ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí PCN mọ̀, kó sì wá òmíràn. Kó tó rí i, oògùn tó nílò ìwé dókítà kò ṣeé tà níbẹ̀, bó ti wù kí ọjà pọ̀ tó lórí pẹpẹ. Ìlànà kan náà ló wà fún ọjọ́ tí apoògùn kò bá sí nílé. Bí wọ́n bá ti ìsọ̀ pa, ẹni tó bá já èdìdì náà fúnra rẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì lórí ti àkọ́kọ́. Ọ́fíìsì ni kó lọ, kí wọ́n sọ ohun tó kù fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ ra oògùn, ẹ gbójú sókè wo ògiri. Ìwé fámásì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú oníbàárà ti tó o. Ẹ wo ọdún tó wà lára rẹ̀, ẹ wo bóyá orúkọ ìsọ̀ náà ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá apoògùn sọ̀rọ̀." Ẹ kò ní sanwó fún un, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ sọ oògùn míì tí ẹ ń lò fún un, ẹ sọ bí ẹ bá lóyún tàbí ẹ ń fọ́mọ lọ́yàn. Bí wọ́n bá dáhùn pé "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni", ó lè jẹ́ òótọ́. Bí wọ́n bá tún dáhùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ padà lọ, ẹ gbé ìwé dókítà yín lọ síbòmíràn. Àwọn oògùn kan, pàápàá ti ibà àti àńtíbáyọ́tíìkì, ní ibi tí ẹ lè họ lára páálí wọn. Nọ́mbà wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù síbi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, èsì á sì padà wá bóyá ojúlówó ni.

Ó ku àwọn tó ń ta oògùn lórí WhatsApp àti Facebook. PCN ní ìlànà lọ́tọ̀ fún fámásì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní apoògùn. Ẹni tó kàn ń gbé àwòrán oògùn sórí sítétọ́ọ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú "DM fún iye" kò sí lára wọn. Ọlọ́kadà tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín ní Ìjàpọ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè kankan nípa rẹ̀. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè orúkọ fámásì náà, àdírẹ́sì rẹ̀, àti nọ́mbà tí ẹ lè fi bá apoògùn ibẹ̀ sọ̀rọ̀.